Táìsì Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Aláró

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú òjò, ẹ kú àbójútó àwọn àbúrò mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Abẹ́òkúta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, mo máa ń jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, màá máa fọ irin iṣẹ́. Tírówẹ́ẹ̀lì eléyín ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀, nítorí sìmẹ́ǹtì tó bá gbẹ sáàárín eyín rẹ̀ kì í fẹ́ kúrò mọ́. Ìṣó ni mo fi ń yọ ọ́, eyín kan tẹ̀lé òmíràn. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì, èyí tí a fi ń wò bóyá ilẹ̀ tẹ́jú, kì í wọ omi. Aṣọ tútù ni mo fi ń nù ún. Òòlù onírọ́bà ló máa ń kẹ́yìn.

Oṣù méjì rèé tí ilé-ẹ̀kọ́ ti fi mí sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní táìsì títẹ́. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn kì í sì í bi mí. Bí mo bá délé, òjò orí páànù ni mo máa ń gbọ́. Ẹ má fowó ránṣẹ́, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ṣì tó mi jẹun.

Ìtòkú la ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, lẹ́yìnkùlé ìyá aláró kan. Ọ̀gá fúnra wọn ló tẹ́ ẹnu ọ̀nà. Lónìí, wọ́n ní kí n fi ìdí òòlù kan gbogbo ilẹ̀ náà wò. Táìsì tó bá jókòó dáadáa máa ń dún bí òkúta. Mẹ́ta dún bí agolo òfìfo, ẹnu ọ̀nà sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Sàkírù, ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú mi, rí bí mo ṣe dẹtí sílẹ̀. Ó ní, “Dókítà, ṣé aláìsàn yín ṣì ń mí?” Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀gá bi mí bó ṣe rí, mo ní gbogbo ẹ̀ ló dáa.

Ìyá aláró gbọ́, wọ́n súre fún mi. Wọ́n ní àwọn ti tẹ ẹrẹ̀ títí ó ti sú àwọn. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni wọn yóò máa gbé ìkòkò aró gbà. Táìsì tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo kò ní pẹ́ fọ́, ẹsẹ̀ wọn ni yóò sì gé. Àárọ̀ ọ̀la la fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì funfun dí àlàfo àárín àwọn táìsì; bó bá ti gbẹ, yóò ṣòro láti yọ èyíkéyìí tún tẹ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá àgbà àti gbogbo ará ilé. Ọlọ́run yóò dá yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́.

Lọ́la, màá ṣáájú gbogbo wọn débẹ̀. Màá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀gá bá dé, màá sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́