Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Gbà Lára Wa

Líbano, Tolima

Arcadio àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ní Madrid. Ara Màmá le. Kọfí wa ti ń pọ́n.

Àwọn dókítà wá gba ẹ̀jẹ̀ wa nítorí jẹjẹrẹ ìfun tó pa Bàbá àti àbúrò wọn. Màmá ní, "Wọ́n fẹ́ lọ tà á ni." Èmi náà fura, àmọ́ mo fún wọn.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi fi hàn pé mo jogún àléébù kan lára Bàbá, tó lè fa àrùn náà. Wọ́n yẹ ìfun mi wò, wọ́n sì yọ kókó kan kó tó di jẹjẹrẹ. Màmá ní àwọn dókítà náà gan-an ló fi síbẹ̀.

Ọmọ Bàbá ni ìwọ náà. Tí o bá ń fura, máa fura lọ sílé ìwòsàn. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká dàgbà ju Bàbá lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Nidia