Ìbọn Tí Kò Ṣeé Tà Mọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Tí ìlà rẹ̀ bá wọ́, ẹ má bínú. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di bírò mú. Kíláàsì wa wà nítòsí Sunridge, nílùú òyìnbó níbí, àwa ìyá àgbà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ò mọ̀wé. Ẹ wá ẹni tó máa kà á fún yín, àmọ́ kó má jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ yín, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn náà wà nínú rẹ̀.

Ìròyìn mi ni pé mo ti ní ìbọn. Tèmi ni, kì í ṣe ti ọkọ, kì í ṣe ti ọmọ.

Ṣé ẹ rántí bí mo ṣe máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ẹ bá ń nu ìbọn ṣakabùlà yín? Ẹ ó ti aṣọ tí ẹ rẹ sínú àdín bọ inú ọ̀pá rẹ̀, ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ẹ ó dẹtí sí bó ṣe ń súfèé, ẹ ó wá máa dá rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ wò, ẹ ní kí n lọ pọnmi. Èmi nìkan ni ẹ bí. Nígbà tí ẹ kú, tí àwọn ọdẹ wá ṣe ìṣípà yín, wọ́n ní obìnrin ò gbọdọ̀ rí i, kí n wà nínú ilé. Ìgbà tí mo máa jáde, ìbọn yín ti wà léjìká Lámídì, ọmọ àbúrò yín, Lámídì tí kò mọ ojú ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fún un, àbí àwọn ló fi orúkọ yín ṣe é? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi yín.

Wàsíù, ọmọ mi, ló mú mi wá sí Calgary níbí. Iṣẹ́ epo rọ̀bì ló ń ṣe. Nígbà tí epo ṣì lówó lórí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ra nǹkan bí ẹni ń ra ẹ̀pà. Bó ṣe ra ìbọn ológun àtijọ́ kan nìyẹn, irú èyí tí ìjọba máa ń tà fún aráàlú nígbà tí ogun bá ti tán. Igi dúdú ló wà nídìí rẹ̀. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n máa ń gbé sókè, tí wọ́n á fà sẹ́yìn, tí wọ́n á tún tì síwájú kí ọta tó wọlé. Wàsíù yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Ìbọn náà ta á léjìká, èjìká wú, ó bá tì í mọ́ inú àpótí irin ní basement.

Mo ní kó fún mi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Màmá, tí ẹ bá ti lè pass test ìbọn ti ìjọba, ẹ máa gbé e!”

Iwájú ìyàwó rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni Ràṣídà, kì í gbàgbé ọ̀rọ̀.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Tíṣà mi bá mi ka ìwé test náà lẹ́yìn kíláàsì, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, títí ojú mi fi mọ́ ọn. Mo jókòó láàárín àwọn géńdé onírùngbọ̀n, mo ṣe test náà, mo sì pass. Mo lẹ ìwé èsì rẹ̀ mọ́ ara fridge níbi tí Wàsíù ti máa ń mu omi láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Epo já wálẹ̀, wọ́n ní kí Wàsíù máa lọ sílé. Ní àdúgbò wa ní Temple, bí aládùúgbò yìí ṣe ń kẹ́rù ni tọ̀hún ń ta ilé. Wàsíù ta truck rẹ̀, ó ta àga, ó ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lórí snow. Ọjọ́ kan ló bá sọ fún mi pé òun ti rí ẹni tó máa ra ìbọn, ọkùnrin kan tó máa ń kó ìbọn ogun àtijọ́ jọ, tó ń fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́ sára ògiri.

“O ti fún mi,” mo ní.

“Ah, Màmá! Eré ni mo ń ṣe nígbà yẹn. Kí ni ìyá àgbà fẹ́ fi ìbọn ṣe?”

“Ohun tí bàbá mi fi ṣe.”

“Bàbá yín ò gbé Canada, Màmá. Ọjọ́ Satide ni ọkùnrin náà ń bọ̀.”

Ẹ gbọ́ nǹkan, Bàbá. Wọ́n tún fẹ́ gbé ìbọn gba iwájú mi kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, mo sunkún. Ní tọ̀tẹ̀ yìí, ojú mi gbẹ.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ tí Ràṣídà ò lọ síṣẹ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ rẹ̀ ṣí àpótí irin náà, ó fi mọ́tò gbé èmi àti ìbọn lọ sọ́dọ̀ gunsmith kan, alágbẹ̀dẹ ìbọn, ní Pineridge, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì rẹ̀. Ó tan iná sínú ọ̀pá ìbọn náà, ó mi orí. Ó ní inú rẹ̀ ti jẹ tán, ọta ò lè lọ tààrà mọ́. Òun lè tú ọ̀pá náà kúrò, kí òun fi tuntun sí i, irú èyí tó ń lo ọta tó tín-ín-rín, tó kún gbogbo ilé ìtajà, tí kò sì ní máa na èjìká mi. Ó ní ìdí ọta méjèèjì dọ́gba, ìyẹn ni irin tó ń ti ọta wọlé ò fi ní yí padà. Ó wá kìlọ̀ fún mi.

“Ma’am, once I do this, no collector will ever buy it.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ díẹ̀díẹ̀, ó rò pé mi ò gbọ́ òyìnbó ni. Mo ti gbọ́ ọ. Ìbọn yín dára lójú gbogbo ayé, òun ni wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ mi. Èyí, mo fẹ́ kó burú lójú gbogbo ayé, kó kù sí mi lọ́wọ́.

“Do it,” mo ní.

Owó tí mo ń rí lórí ọmọ àwọn aládùúgbò tí mo ń bá wọn tọ́jú ni mo fi san án.

Nígbà tí a padà lọ gbé e, ó fi irin kékeré méjì tí wọ́n fi ń wọn àyè ọta dán an wò lójú mi. Ìbọn gbọ́dọ̀ pa ẹnu dé mọ́ ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ gba èkejì wọlé rárá. Ó gba ti àkọ́kọ́. Ó kọ ti ìkejì. Mo ní kó jẹ́ kí èmi náà gbìyànjú rẹ̀. Mo tì í, ó kọ̀. Inú mi dùn sí ìkọ̀ yẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ní Satide, ọkùnrin náà dé, ó gbọn snow kúrò lẹ́sẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun bíi dókítà. Wàsíù gbé ìbọn wá láti basement, ó ṣí àpò rẹ̀ lórí tábìlì. Ọkùnrin náà wò ó, ó bọ́ ìbọ̀wọ́.

“Who did this?”

“Did what?” Wàsíù ò tíì rí nǹkan kan.

“Èmi ni,” mo ní, mo dìde dúró.

“Màmá! Kí lẹ ṣe yìí? Ẹ ti bà á jẹ́!”

“Mi ò bà á jẹ́. Ohun tó ti bàjẹ́ ni mo tún ṣe.”

Ọkùnrin náà ò mu tíì wa. Àíṣà, ọmọ Wàsíù, ló ń rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn: “Daddy, Grandma is a gangster!” Ràṣídà sáré wọ kíṣìnì kí ọkọ rẹ̀ má baà rí ojú rẹ̀.

Wàsíù ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àmọ́ ó ń jẹ oúnjẹ mi. Ó tún lọ fi ẹjọ́ mi sun Lámídì nílé. Lámídì pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ti di ọdẹ. Obìnrin kì í gbébọn nílé wa.”

“Ìbọn bàbá mi dà, Lámídì?”

“Èwo nínú rẹ̀?”

“Èyí tí wọ́n gbé kọ́ ọ léjìká.”

Ó wúkọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ó ti dípẹtà. Àwọn ọmọ fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ.”

Ṣé ẹ gbọ́, Bàbá? Ilé adìẹ! Ṣé ọwọ́ mi ìbá burú tó bẹ́ẹ̀? Ìfẹ́ tí mo ní sí yín ò dín, ṣùgbọ́n ẹ ṣì í ṣe. Mo ti sọ ọ́, mi ò sì ní kó o jẹ.

Mo gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Ràṣídà ní kí Wàsíù wa mọ́tò gbé mi lọ, torí kò kúkú níbi kan tó ń lọ. Ó gbé mi lọ pẹ̀lú imú wíwú, sí oko ẹnì kan tó fún wa láyè, níta ìlú. A jókòó sábẹ́ igi. Òtútù ń gé wa létí. Nígbà tó yá, àgbọ̀nrín kan jáde, ó fẹ̀gbẹ́ sí wa. Mo rọra ti ọta wọlé. Mo ṣe Bísímílàhí bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, lábẹ́ ètè, mo sì yìn ín. Ìbọn náà kàn tì mí díẹ̀ ni, bí ọmọ tó ń jí ìyá rẹ̀. Àgbọ̀nrín rìn díẹ̀, ó wó. Mo sáré fi ọ̀bẹ dé ọrùn rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Wàsíù ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

A kun ún síbẹ̀. Ọmọ tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu rẹ̀ wá ṣí. Ó ń sọ bí a ó ṣe pín in, èwo la ó fi sínú freezer, èwo la ó gbé fún àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn bíi tiẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tó ń lọ síṣẹ́ láràárọ̀. Mo ń wò ó, mo ń dúpẹ́ lábẹ́nú.

Ọ̀nà jìn sí ibi tí mọ́tò wà, snow sì ń gba ẹsẹ̀ mi. Wàsíù rí i pé mo ń mí gúlegúle. Ó na ọwọ́.

“Màmá, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ gbé ìbọn wá kí n bá yín gbé e.”

Mo ní, “Wàsíù, ẹran ni kí o gbé.”

Ó sì gbé e.

Èmi ni ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, tó fẹ́ràn yín, tí inú ṣì ń bí díẹ̀.