Ilé Méjì Lójú Ọ̀nà Wa

                                        Oko Hruby,
                                        Orlan, Nebraska.
                                        14 Oṣù Kẹwàá, 1986.

Adela, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, afẹ́fẹ́ kò tíì gbé wa lọ. Àlìkámà tí a gbìn ti hù.

Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ti ọ̀nà wa pa. Wọ́n ní ọ̀nà tí kò bá ti ní ilé méjì tí èèyàn ń gbé, àwọn kò ní tún un ṣe mọ́, àwọn kò sì ní kó òjò dídì kúrò níbẹ̀. Ó di dandan kí n kó lọ sí ìlú nìyẹn, kí n máa gbọ́ ikọ́ aládùúgbò láti orí bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi Vlasta? Ó tì o.

Mo lọ sípàdé wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀, ó fi àmì dúdú kan ṣoṣo sójú ọ̀nà wa. Mo ní ó ti gbàgbé àwọn ilé yòókù, mo wá ń kà á fún un: ilé Sedlak, ilé Brandt, ilé ìwé, ilé bàbá tìrẹ. Ó rọra ní, “Mà, gbogbo ibi tí ẹ ń dárúkọ yìí, igi ló kù níbẹ̀, àti ilé kan tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. Ilé ẹni tó ti lọ láti ogójì ọdún la ṣì fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò, pé kó yà níbẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn fún Emil àbúrò mi tí a jọ ń gbé, ó mu kọfí rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kejì ó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo ní, “Níbo lò ń lọ?”

“Mò ń kó jáde nílé yín ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ṣé kò tó ẹni tó ń ní ilé tirẹ̀?”

Ilé bàbá rẹ ló kó lọ. Ó ti tún òrùlé ṣe, ó ti dáná, àwọn igi kédárì tí bàbá rẹ gbìn sì ń gba afẹ́fẹ́ dúró fún un. Láràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rin ìdajì máìlì wá mu kọfí lọ́dọ̀ mi. Ọgbọ́n ju agbára lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wá ní Ọjọ́bọ̀, ó rí èéfín níbí, ó rí èéfín lọ́hùn-ún. Ó ní ta ló fún Emil ní ilé onílé. Mo ní ìwọ ni. Má bínú pé a kò kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀. Jọ̀ọ́, kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé o gbà kí Emil máa gbé ibẹ̀, kó dé kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, torí ìgbà náà ni wọ́n máa ṣèdájọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Emil kí ọ. Ó ní àmì tí bàbá rẹ fi ọ̀bẹ gé sára ilẹ̀kùn nígbà tí o ń ga ṣì wà níbẹ̀, òun kò sì ní kùn ún. Tí o bá ń bọ̀ wá jẹ kolache mi, àkàrà òyìnbó eléso yẹn, yà níbi ilé ìwé. O mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ náà ni kí o yà.

Èmi ṣì ni aládùúgbò rẹ,
Vlasta