Ọwọ́ Tí Bàbá Là

Ìlórò-Èkìtì ni wọ́n ti bí Bàbá wa, Olóògbé Ezekiel Olúṣọlá Akínyẹmí, lọ́dún 1953. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá wọn. Ọmọ Ìpòtì ni ìyá wọn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní Ìlórò, wọ́n sì ka mọ́dà ní Ìjerò. Ká má parọ́, ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ń lé kiri ju ìwé lọ, àmọ́ wọ́n jáde.

Lọ́dún 1977, wọ́n ríṣẹ́ sí pápákọ̀ òfuurufú l'Ékòó. Wọn ò wa ọkọ̀ òfuurufú o. Ilẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí, tí wọ́n ń bá páílọ́ọ̀tì sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi ṣí. Bí ẹ̀rọ etí tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bá kú, ọwọ́ ló kù. Ẹni tó di ìkúùkù ń sọ pé bíréèkì mú. Ẹni tó wá la ọwọ́ náà ń sọ pé, “Mo ti tú bíréèkì, ó yá.” Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tirẹ̀ dá àmì náà padà kí ẹnikẹ́ni tó mira. Nílé náà, bí a bá dá wọn lóhùn pé “ẹ̀n”, wọ́n á ní, “Ẹ̀n kí ni? Kí ni mo ní kí o ṣe?”

Wọ́n gbé Dorcas, tíṣà, ọmọ Arámọkọ, níyàwó lọ́dún 1981. Ìyá wa yìí ní àfi bí ẹni fẹ́ sójà.

Lọ́dún 2013, wọ́n fẹ̀yìn tì wálé. Ariwo ẹ́ńjìnnì ti ba etí wọn jẹ́. Wọ́n wá ń tọ́ àwọn awakọ̀ sọ́nà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Sunday àkọ́kọ́, wọ́n la àtẹ́lẹwọ́ sí Bàbá Ìjọ nínú mọ́tò, pé kó tú bíréèkì. Yéè! Bàbá Ìjọ rò pé wọ́n ń fi ọwọ́ wàká bú òun ni! Ẹjọ́ dé iwájú àlùfáà. Nígbà tí Bàbá ṣàlàyé tán, ẹ̀rín pa gbogbo ìjọ, àwọn ará ìjọ sì sọ ọwọ́ lílà náà di bí wọ́n ṣe ń dágbére fúnra wọn.

Lọ́dún yìí, àrùn rọpárọsẹ̀ gba ohùn Bàbá. Lórí ibùsùn, wọ́n ń wo Ìyá, wọ́n di ìkúùkù, wọ́n là á. A gbé omi wá, a gbé ìrọ̀rí wá. Ìyá mọ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Ìyá ní bí àwọn ò bá dá a padà, Bàbá ò ní lọ, torí wọn kì í lọ láìgba èsì. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń là á. Omi kò gba ọ̀nà ọ̀fun wọn mọ́, ìrora pọ̀, a ò sì lè bá Ìyá sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá fúnra wọn yọ ọwọ́ jáde, wọ́n di ìkúùkù, wọ́n là á. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti lọ. Ó dùn wá wọra.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ìyàwó wọn, Dorcas, ìyá wa. Àwọn ọmọ, Olúfúnkẹ́ àti Ẹ̀ríolúwa. Àti àwọn ọmọ-ọmọ, Tìmílẹ́yìn, Ìbùkún àti Ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí pósí bá ń wọlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa la ọwọ́. Bàbá, a ti dá a padà. Kò sí ohun tó dí yín lọ́nà. Ẹ sùn re o.