Ẹgbẹ̀rún Mẹ́rin Àlejò Tí Kò Mu Omi

Ilé Adéríbigbé,
Òkè-Àbàtà Èkìtì.
Ọjọ́ Ẹtì.

Olúwarótìmí ọmọ mi,

Mo kí ọ káàárọ̀, mo kí ọ káàsán, mo sì kí ọ káalẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí Lukman dẹ́rẹ́bà máa rí ọ ní Máríláǹdì Èkó kó tó fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ oko kò ní fi ebi pa ọ́ ní ìgboro. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú tí o mọ̀ yẹn ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Atẹ́gùn ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, a ti fi òkúta lé e. Ẹsẹ̀ mi wà bó ṣe wà, ọ̀pá ni mo fi ń rìn, mi ò ráhùn.

Mo gba lẹ́tà rẹ, mo sì gba ìdìpọ̀ bébà ọgọ́rin ojú-ewé tí o so mọ́ ọn. O ní ìkànnì tí o ṣí sórí ayélujára, níbi tí o ti ń ta ìkòkò sílífà tí wọ́n ń rọ ní Agége, àlejò 4,812 ló wọ ibẹ̀ lóṣù tó kọjá, o ní ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé, ẹ̀rọ kì í sì í purọ́. O ní nítorí náà kí n ta oko kòkó etí odò fún Olóyè Àjíṣọlá, kí o lè fi owó rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù sí Allen Avenue, torí pé yàrá tí o wà ní Agége kò yẹ irú èrò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Rótìmí, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọ̀pá mi sórí àga. Nígbà tí Kábíyèsí pé ọdún mẹ́wàá lórí oyè, èrò tó wá kò tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, a sì pa màlúù. Ọmọ tèmi kò pa adìyẹ, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin wá wò ó. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo wọ agbádá, mo dìde nígbà ìdúpẹ́, mo sọ fún gbogbo ìjọ. Àlùfáà bi mí pé kí ni wọ́n wá ṣe, mo ní wọ́n wá wo ìkòkò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin dá orin.

Ìyá rẹ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a délé, ó ní ta ló fún àwọn èèyàn yẹn lómi. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní àlejò kì í wọ ilé Adéríbigbé kó jáde lọ́fun gbígbẹ, pé bí o bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó, òun ni wọ́n máa bú pé kò kọ́ ọ. A ṣírò ó, ó lé ní àádọ́jọ èèyàn lójúmọ́, a ò rí irú àmù tó máa gbà á. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án, ó lọ ra ife ike dọ́sìnnì méjì láwìn. Ó wà lọ́wọ́ Lukman. Kà á kí o tó gbà á.

Èmi náà wá jókòó ti bébà ọgọ́rin yẹn kí n lè mọ àwọn àlejò rẹ, torí èèyàn kì í ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí ẹni tí kò mọ̀. Mi ò rí orúkọ kan ṣoṣo. Nọ́ńbà ni oníkálukú wọn kọ bí ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n kọ ọjọ́, wọ́n kọ aago, wọ́n kọ ohun tí wọ́n bèèrè. Àwọn kan wá láago mẹ́ta òru. Rótìmí, ọmọlúàbí wo ló ń jí láago mẹ́ta òru lọ wo ìkòkò? Mo ronú pé kí o gba géètìmánù sí ẹnu ọ̀nà ìkànnì náà, irú àwọn tí wọ́n ń jókòó síwájú ilé olówó ní Ìkẹjà GRA, kó máa bi wọ́n ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Àṣìṣe ni ìmọ̀ràn yẹn, wàá rí i níwájú.

Lọ́jọ́rú Olóyè Àjíṣọlá dé pẹ̀lú ìwé àdéhùn, tàdáwà, àti ọkùnrin méjì tó fẹ́ jẹ́rìí. Mo ti ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà tán nígbà tí Tíṣà Catherine tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé gírámà yà láti bi mí bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Ó rí ìdìpọ̀ bébà náà, ó ní ṣé òun lè wò ó. Mo ní kó wò ó dáadáa, pé ọlá ọmọ mi ni. Obìnrin yìí wọ dígí, ó ní kí n má tíì tẹ nǹkan kan, ó kà á títí mọ́ọ̀tì tútù tí a gbé fún Olóyè mu fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó kọ́kọ́ fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà kan tó wà lójú-ewé gbogbo. Ó ní ẹni yìí ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ilẹ̀kùn tó ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó ni ìkànnì nìkan ló ń gba ibẹ̀. Ìlà 1,906 ni ti ẹni yẹn. Ìwọ ni, Rótìmí. O jókòó sí Agége, ò ń kan ilẹ̀kùn ara rẹ, ò ń dá ara rẹ lóhùn, o sì ń ka ara rẹ mọ́ àlejò. Mo bi Tíṣà bóyá àìsàn ni, ó ní rárá, pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní 2,208 nínú ìlà yòókù kì í ṣe èèyàn rárá. Ó ní àwọn iléeṣẹ́ ńlá òkè òkun ní ẹ̀rọ tó ń rìn kiri ayélujára, tó ń ka ohun tí oníkálukú gbé síbẹ̀, àwọn ẹ̀rọ náà sì ń kọ orúkọ ara wọn síparí ìlà, wọn ò fi bò. Àwọn ni oníṣẹ́ aago mẹ́ta òru. Ọkàn mi balẹ̀ pé wọn kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kì í jẹun, kí ló fẹ́ fi ìkòkò sè? Ìyá rẹ ní a dúpẹ́ pé wọn ò ní mu omi.

Ìlà 698 ló kù. Tíṣà yọ mẹ́sàn-án sọ́tọ̀, màá dé orí ìyẹn. Ó ní o lẹ àwòrán ìkòkò méjìlá mọ́ ojú ìkànnì, bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣí i, ẹ̀rọ á kọ ìlà kan fún ojú-ewé, á tún kọ ìlà méjìlá fún àwòrán. Mẹ́tàlá fún ẹnì kan. Ìyẹn ni pé bí àna wa bá wá kí wa, a ó ka òun fúnra rẹ̀, a ó ka fìlà rẹ̀, a ó ka bàtà ọ̀tún, a ó ka tòsì, a ó wá jáde lọ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé èrò kún ilé. Ó pín in sẹ́yìn ìwé àdéhùn Olóyè, ó ku èèyàn mẹ́tàléláàádọ́ta. Mo ní kó tún un pín. Ó tún un pín.

Nínú wọn, Alhaja Fàúsát tí o fi yangàn nínú lẹ́tà rẹ nìkan ló rajà, ìdérí ló sì rà. Ìlà mẹ́sàn-án tó yọ sọ́tọ̀ wá ńkọ́? Èèyàn mẹ́sàn-án ló tẹ ibi tí o kọ ìkòkò ńlá alásè sí, tí ẹ̀rọ fi 404 dá wọn lóhùn, Tíṣà ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bèèrè kò sí níbẹ̀. O kọ orúkọ ọjà sílẹ̀, o ò gbé ọjà síbẹ̀. Mẹ́sàn-án yìí ni kí o wá kiri kí o bẹ̀, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ní Allen. Bí o bá mọ ilé wọn, mú obì lọ́wọ́.

Olóyè ní ṣé kí a máa tẹ̀ka lọ. Mo nu àtàǹpàkò mi. Bí o bá rí àbàwọ́n dúdú létí bébà yìí, òun ni. Mi ò ta oko náà o, mi ò sì ní tà á. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ màá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá sọ pé mẹ́tàléláàádọ́ta ni, àti ìdérí kan, kí akọrin gba orin wọn padà.

Kí o má baà sọ pé bàbá rẹ ará oko ni, kò mọ̀ nípa ìwé àlejò, a ní tiwa. O mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá wá kí wa nígbà ìpọ́njú, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí a lè mọ ẹsẹ̀ tí a máa san padà nígbà tiwọn. Láti ọjọ́ tí mo ti já lulẹ̀ lórí igi obì, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin nìyí, ìyá rẹ ń kọ ọ́ sínú ìwé kan. Nùréènì alápatà wá nígbà mọ́kànlá, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà mọ́kànlá, ẹnì kan ni mo sì ń kà á sí. Olóyè Àjíṣọlá wá lẹ́ẹ̀mẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko mi ló ń wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi. Gbogbo wọn ló mu omi.

Bí Olóyè ṣe lọ, mo gbé ìwé náà fún Tíṣà kó bá mi ka tiwa náà, kó wá orúkọ rẹ. Ó wá a láti èèpo iwájú dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ó bọ́ dígí rẹ̀, ó ń nù ún. Mo ní bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lo gbà.

Rótìmí, ó dùn mí. Mo gba gbogbo owó tí o fi ń ránṣẹ́ sórí fóònù, mo sì ń súre fún ọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ò rí ibi kọ ọ́ sí.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Ìwé àlejò wa ti kún, ó ku ìlà kan, mo sì fẹ́ owó ìwé tuntun, èyí tó nípọn. Má fi owó náà ránṣẹ́ sórí fóònù, rà á ní Ìkẹjà, kí o sì gbé e wá. Ìlà tó kù yẹn, mo ti ní kí ìyá rẹ má kọ ẹnikẹ́ni sí i. Nùréènì yà láàárọ̀ yìí, a bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, a ò kọ ọ́.

Olúwa á fi oníbàárà tó ní ẹnu tó ń jẹun ránṣẹ́ sí ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di àwòrán. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbàgbé ọ̀nà ilé, a ò sì ní fi orúkọ rẹ sí ìwé yìí lọ́jọ́ tí mi ò ní lè kà á. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Job Adéríbigbé.

Mo tún rántí. Ìyá rẹ ní nínú ife dọ́sìnnì méjì yẹn, kí o mú ẹyọ kan bọ̀ nígbà tí o bá ń bọ̀. Ó ní àlejò kankan ò gbọdọ̀ wọlé yìí kó má mu omi, títí kan ìwọ náà.