Àgbá Òróró Mẹ́ta

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án
Ó ṣeé ṣe! Ìgò kan péré ni mo sè nílé níbí, ní Marcory, ní Abidjan. Òróró kóró rọ́bà ni, kóró tí àwọn olóko ń dà nù lọ́nà Dabou. Mo po ọtí líle àti sódà mọ́ ọn, mo gbé e kalẹ̀. Ó pín sí méjì: ìdọ̀tí dúdú nísàlẹ̀, epo mímọ́ lókè. Mo ki òwú bọ̀ ọ́, mo ṣáná sí i. Kò rú èéfín rárá. Èmi nìkan ń jó nínú yàrá bí wèrè.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án
Mo lọ sọ fún Bàbá nílé rẹ̀ ní Siporex. Alhaji Sùlè ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun ló mú mi wá láti Ìgbòho. Ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ — Alágídí ni mo ń pè é — ló fi tọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n gasoil, dísù tí ẹ̀rọ náà ń mu, ti wọ́n kọjá agbára rẹ̀, Rachid tó ń ra àlòkù irin sì fẹ́ ra Alágídí kó tú u tà bí irin. Bàbá ní bí òróró mi bá lè gbé e ṣiṣẹ́, òun ò tà mọ́. Bí kò bá lè gbé e, ó parí nìyẹn. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Orí ẹní ìrun ni mo bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì omi Samsam tó gbé ti Mẹ́kà bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ ikú rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Ó bi mí pé kí ló lè ba òróró náà jẹ́. Mo ní omi ni, Bàbá. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bó bá kán sí i, ọṣẹ ló máa dà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án
Àgbá àkọ́kọ́. Kóró tó kù lóko kò lè ṣe ju àgbá mẹ́ta lọ. Mo gbé òróró náà kaná ní sọ́ọ̀bù Bàbá títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, mo dé e, ó di òwúrọ̀ kí n tó pò ó. Bàbá ti gba ọ̀rọ̀ omi yẹn kanrí! Ó ta tapólì bo gbogbo òrùlé sọ́ọ̀bù. Ó lé obìnrin kan tó ń ṣan abọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Àlàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní ọkọ òun ti di ọlọ́dẹ òróró. A rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án
Ọṣẹ. Odidi àgbá.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án
Àgbá kejì. Ọṣẹ tún ni, ó tiẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ òróró yìí kan náà ni mo bù wá sílé kí n tó dé e, ó sì dára nínú ìgò. Kóró kọ́ ló ṣe é, a jẹ́ pé èmi ni. Orí mi ni kò pé.

Rachid yọjú, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé kí n kúkú dá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀, kí n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀: « Ma sœur, ṣí savonnerie, laisse moteur ! » Bàbá gbaná jẹ, ó lé e jáde. Lẹ́yìn náà ó ní, Fọlákẹ́, má sunkún, ó ku àgbá kan, òun ò sì ní fi àdúà rẹ̀ ṣeré.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá
Àgbá ìkẹyìn. Kóró ti tán lóko. Omi gidi ló wà nísàlẹ̀ àgbá náà, omi! Òjò ò rọ̀. Tapólì ò jò. Bàbá ló máa ń ṣí sọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo bá bi Màmá Àlàkẹ́ bóyá ó fọ nǹkan nítòsí àgbá. Ó wò mí, ó wọlé lọ. Ó dùn ún. Ó dun èmi náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá
Wọ́n gbé Alágídí lọ. Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n mú irin tí wọ́n fi ń yí i. Rachid fi sílẹ̀ fún un, ó tiẹ̀ tún bẹ̀ ẹ́ pé « pardon, le vieux ». Irin yẹn ni Bàbá dì mú di alẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá
Kò jẹun. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni. Mo mọ ẹni tó fà á: èmi ni.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá
Èémí Bàbá ti ń lọ sókè lówùúrọ̀ yìí. Màmá Àlàkẹ́ ní kí n gbé Samsam wá kíá. Mo fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fúyẹ́. Òfìfo ni. Màmá figbe ta, pé ta ló jí omi Alhaji?

Bàbá lajú. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ. Ó ní kí Màmá má pariwo, òun lòun lò ó. Òun dà á sí òróró ọmọ òun láàárọ̀ kùtù, kí Ọlọ́run lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Díẹ̀ nínú àgbá àkọ́kọ́. Nígbà tí ìyẹn ò dára, òun fi kún un nínú ìkejì. Ìyókù, òun dà á sínú ìkẹta pátápátá.

Mo ní, "Bàbá, mo sọ fún yín pé omi..."

Ó ní, "Samsam kì í ṣe omi, Fọlákẹ́."

Màmá di ọwọ́ mi mú. Bàbá bi mí pé ṣé ó ràn mí lọ́wọ́ bó ti wù kó kéré tó.

Mo ní ó ràn mí lọ́wọ́, Bàbá. Ó ràn mí lọ́wọ́ gan-an ni.

Ó ní kí n fún òun ní omi. Omi ẹ̀rọ ni mo fi ṣíbí bù sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì, ó ní alihamudulilahi.