Pátákó Àpínkẹ́ Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ìyá Àpínkẹ́,

Mo ti parí pátákó oórì ọmọ wa, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, má fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi Ògúnyẹmí ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án. Má tẹ̀ lé e. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Èmi náà ti lọ sí Agbamu, kí n má baà tẹ̀ lé e.

Bí Àpínkẹ́ ṣe máa ń kọ̀wé ni mo kọ́kọ́ kọ gbogbo rẹ̀. Ògúnyẹmí yà láàárọ̀ yìí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè kà á." Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mo ń ṣe láti ọjọ́ yìí, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo nù ún. Orúkọ nìkan ni mo dá padà bó ṣe máa ń kọ ọ́, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú. Àwa ò ní débẹ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i kà.

Kẹrosín inú sítóòfù ni mo fi nù ún. Igi ni kí o fi dáná.

Má bínú, mo mú ìwé iléèwé Àpínkẹ́ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ láìsọ fún ọ. Ojú ewé tí mo ti ní kó kọ orúkọ rẹ̀ nígbà àádọ́ta ní pámárì, torí pé ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́, ni mo wò. Ti ìgbẹ̀yìn gún régé, ó ti dà bíi tèmi.

Ti àkọ́kọ́ ni mo kọ sára pátákó.